Ó Mọ̀ Ọ́n Gbá, Ṣùgbọ́n Ó Kéré

Irú àkọsílẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí lítíréṣọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fi ń pinnu ìgbésí ayé ọmọ ọlọ́mọ. Ìjábọ̀ scout ni. Scout ni ẹni tí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ńlá máa ń rán káàkiri láti lọ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò jókòó sí apá òkè pápá, á mú bírò, á máa kọ ọ́: bó ṣe ń sáré nìyí, bó ṣe ń ronú nìyí, ibi tó kù sí nìyí. Bó bá délé, á sọ ọ́ di ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yìí ni ọ̀gá kan tí kò fojú kan ọmọ náà rí máa kà kó tó sọ pé ká mú un, tàbí ká fi í sílẹ̀.

Mo ti ka púpọ̀ nínú irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá ti họ́kì orí yìnyín. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, dátà họ́kì sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré lálẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni mí, létí òkun Ìlàjẹ. Yìnyín tí a mọ̀ nílé ni èyí tí wọ́n ń fọ́ sínú kúlà kí ẹja má bàa bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi bàtà onírin sáré lórí ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú àwọn ìjábọ̀ yìí tí mo ti mọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ họ́kì, torí pé létí pápá oníyanrìn nílé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ó mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n ó kéré.

"Ṣùgbọ́n" yẹn ni mo fẹ́ bá fà á lónìí.

Ṣé ẹ rí i, "ṣùgbọ́n" kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dọ́gba. Ohun tó bá gbẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń borí. Bí mo bá ní ọmọbìnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó máa ń bínú, ẹ ti mọ̀ pé mi ò ní fẹ́ ẹ. Bí mo bá yí i padà, pé ó máa ń bínú, ṣùgbọ́n ó rẹwà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí. Ohun kan náà ni mo sọ lẹ́ẹ̀mejì, ìdájọ́ méjì ló sì jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ tí mo ti kà lórí àwọn ọmọ kúkúrú, ẹ̀bùn ọmọ náà ló máa ń ṣáájú, gíga rẹ̀ á wá gbẹ̀yìn. Ẹni tó kọ ọ́ lè má mọ̀ pé òun ti dájọ́. Gírámà ti bá a dá a.

Fún ẹni tí kò mọ bí ọjà náà ṣe ń lọ: NHL ni líìgì họ́kì tó tóbi jù lágbàáyé, ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀ báyìí, ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní draft. Àwọn ẹgbẹ́ á tò, wọ́n á máa pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó wù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún 18 ló pọ̀ jù nínú wọn, títí ìpele méje á fi pé. Ẹni tí wọ́n bá tètè pè, ilẹ̀kùn ti ṣí fún un nìyẹn. Ẹni tí wọ́n pè ní ipò 200 á ṣì kan ilẹ̀kùn fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí wọn ò bá pè rárá, kó máa wá ọ̀nà ara ẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á kó àwọn tí ojú wà lára wọn jọ sí ìlú Buffalo, wọ́n á wọ̀n wọ́n bí ẹni ń wo àgbò ọdún Iléyá: gíga, ìwúwo, èémí, agbára ẹsẹ̀. Nọ́ńbà gíga yìí ni yóò wà lókè ìjábọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ kan nípa bí ọmọ náà ṣe ń gbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, ẹ gbọ́ orúkọ yìí ná: Iginla. Ẹ pè é dáadáa. Igi ńlá. Bàbá Jarome Iginla, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ ọdún 18 ló jẹ́ nígbà tó dé Kánádà, Adékúnlé sì lorúkọ rẹ̀ kó tó sọ ara rẹ̀ di Elvis. Ní Edmonton ni wọ́n ti bí Jarome ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1977, Adékúnlé sì wà nínú ọ̀wọ́ orúkọ gígùn tí wọ́n fún un. Ó wá jẹ́ pé ọmọ tó ń jẹ́ Igi ńlá yìí gan-an ni àpẹẹrẹ ohun tí àwọn scout ìgbà náà ń lá lálàá. Ẹsẹ̀ 6 àti íǹṣì 1. Ó lè gbá gòólù wọlé, ó lè fi èjìká kan ènìyàn mọ́ ògiri, bí ọ̀rọ̀ bá sì di ìjà, kì í sá. Ní 1995 Dallas Stars pe orúkọ rẹ̀ ní ipò 11. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Joe Nieuwendyk, ó sì di ọmọ Calgary Flames. Sáà 2001 sí 2002, gòólù 52, póìǹtì 96, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì lọ́dún yẹn. (Gòólù tí o bá gbá àti èyí tí o bá ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti gbá, póìǹtì kọ̀ọ̀kan ni.) Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti gbá ìdíje 1,554, gòólù 625, póìǹtì 1,300.

Mi ò bá Iginla jà. Orí mi máa ń wú bí mo bá rí orúkọ yẹn lẹ́yìn aṣọ. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń jókòó nítòsí rẹ̀ nínú yàrá ìmúra Calgary láàárín 1998 sí 2000.

Martin St. Louis ni, ọmọ Laval ní Quebec. Ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 8, ìyẹn bíi mítà 1.73. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Vermont. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kù nígbẹ̀yìn fún àmì-ẹ̀yẹ Hobey Baker, èyí tó ga jù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá họ́kì ní Amẹ́ríkà. Draft lọ, draft bọ̀, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Ó ju igba orúkọ tí wọ́n ń pè lọ́dọọdún nígbà yẹn, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó lọ gbá fún ẹgbẹ́ kan ní Cleveland nínú líìgì tó wà lábẹ́, ibẹ̀ ni Calgary ti fún un ní àyè ní 1998.

Ìdíje 69 ló gbá fún Calgary, gòólù 4. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yìí lásán á ní ṣebí wọ́n ti wí. Mo rọ̀ yín, ẹ rántí pé eléré họ́kì kì í wà lórí yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó ti jáde, ẹlòmíì ti wọlé. Kóòṣì ló ń pín ìṣẹ́jú. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni kékeré, ìṣẹ́jú kékeré ni wọ́n ń fún un, iṣẹ́ dídènà ni wọ́n sì sábà ń fi rán an. Gòólù rẹ̀ á wá kéré. Wọ́n á sì fi gòólù kékeré yẹn jẹ́rìí pé ó kéré lóòótọ́. Nínú iṣẹ́ wa, bí ètò kọ̀ǹpútà bá ń fi ohun tó tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ṣe ohun tó ń jẹ padà, a mọ ohun tí à ń pè é, a sì máa ń yára pa á.

Ní 2000, líìgì fẹ́ fi ẹgbẹ́ tuntun méjì kún un, Columbus àti Minnesota. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí wọn ò fẹ́ kí àwọn tuntun gbà lọ́wọ́ wọn. Calgary kò kọ orúkọ St. Louis. Àwọn ẹgbẹ́ tuntun méjèèjì, tí wọn ò ní eléré kan ṣoṣo lọ́wọ́, wò ó, wọ́n kọjá lára ẹ̀. Ni Calgary bá tú u sílẹ̀. Tampa Bay Lightning ló gbé e lóṣù keje.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní sáà 2003 sí 2004, St. Louis kó póìǹtì 94, òun ló pọ̀ jù ní gbogbo líìgì, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Hart, ti eléré tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tampa wọ àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Stanley. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Calgary. Balógun wọn? Iginla, tó gbá gòólù 41 lọ́dún yẹn.

Ìdíje méje ni àṣekágbá náà lè gùn dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú mẹ́rin ló ni ife. Lẹ́yìn ìdíje márùn-ún, Calgary ti borí nínú mẹ́ta. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2004, ìdíje kẹfà, ní Calgary fúnra rẹ̀, gbogbo ìlú ti wọ aṣọ pupa. Ọ̀mì gòólù méjì sí méjì. Àfikún àkókò kìíní lọ, kò sí gòólù. Ìkejì bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 33 péré, bọ́ọ̀lù rọ́bà dúdú yẹn já sí iwájú ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Ìlú dákẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní Tampa, gòólù méjì sí ẹyọ kan, ife ti lọ. Àwọn ará Calgary ṣì ń jiyàn títí dòní pé gòólù kan tí Martin Gélinas gbá nínú ìdíje kẹfà yẹn ti kọjá ìlà kí wọ́n tó dá a padà. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní wọ ìjà wọn. Ìjà tó yẹ kí wọ́n bá ara wọn jà ni ti ọdún 2000.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ohun tó ya mi lẹ́nu nípa Calgary ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú kí St. Louis tó dé. Ní 1987, àwọn gan-an ni wọ́n pe Theo Fleury, ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 6, ní ipò 166. Ọmọ náà bá wọn gba ife Stanley ní 1989, ó sì kó póìǹtì 1,088 nínú ìdíje 1,084 nígbà ayé eré rẹ̀. Fleury ṣì wà nínú yàrá náà nígbà tí St. Louis dé. Ní 2011 wọ́n tún pe ọmọ kékeré míì ní ipò 104, Johnny Gaudreau, tó kó póìǹtì 115 fún wọn ní sáà 2021 sí 2022. (Gaudreau àti àbúrò rẹ̀ Matthew ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní New Jersey lóṣù kẹjọ ọdún 2024 nígbà tí ọkọ̀ pa àwọn méjèèjì. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.) Ẹgbẹ́ kan náà rí kékeré ní 1987, wọn ò rí i ní 2000, wọ́n tún rí i ní 2011. Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ kò wọ inú ìwé. Orí ẹni tó bá wà lórí àga lọ́jọ́ náà ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ pẹ̀lú àwọn scout náà. Wọn kì í ṣe òpè. Fún St. Louis kan tí a mọ orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ kúkúrú pọ̀ tó já sí òfo, tí ara àwọn àgbà tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ìtàn wọn. Ẹni tó bá ń fi àwọn tó yege nìkan ṣàwíjàre, irọ́ ló ń pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ni gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun míì tún ni pé nígbà ayé Fleury àti St. Louis, òfin kò gba kékeré. O lè fi ọ̀pá kọ́ ènìyàn níkùn, kí o dì í mú láti ẹ̀yìn, rẹfirí á wo ibòmíì. Wọ́n fagi lé gbogbo sáà 2004 sí 2005 nítorí ìjà owó láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àti àwọn eléré. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè fún dídìmú àti kíkọ́, wọ́n sì yọ òfin kan kúrò tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà gba àárín pápá. Pápá ṣí. Ẹni tó yára rí ààyè. Nítorí náà, "ó kéré" tí wọ́n kọ ní 1995 àti "ó kéré" tí wọ́n kọ ní 2015, ọ̀rọ̀ kan náà kọ́. Ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu fèrè rẹfirí. Síbẹ̀ ẹ ka ìjábọ̀ ìgbà méjèèjì, gbólóhùn náà kò yí padà.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà gan-an nìyí. Ká ní ọkọ̀ kékeré kan jáde láàárọ̀, ó sì padà dé sí èbúté wa lálẹ́, ẹja kún un dé ètè. Ènìyàn kan wá dúró létí omi, ó ní ẹja yìí pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kéré. Àwọn ìyá wa tó ń ra ẹja á wò ó títí. Ọkọ̀ kékeré yẹn náà ló lọ, òun náà ló bọ̀. Kíkéré rẹ̀ ti wà nínú ìrìnàjò. Ó ti san owó ẹ̀ sílẹ̀. O kò lè tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ kan bá gbá gòólù 50, ara kékeré yẹn ló fi gbá a. Ẹni tó bá tún yọ máàkì kúrò nítorí gíga ti gba owó orí kan náà nígbà méjì.

Ìdáhùn tí scout tó gbọ́n á fún mi ni pé, lóòótọ́, àmọ́ inú odò ló ti pẹja yẹn. Líìgì àwọn ọ̀dọ́ ni odò, NHL ni òkun. Ìgbì tó wà lókùn-ún kò sí lódò. Ó tọ́! Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìjábọ̀. Ṣé ọkọ̀ yìí lè wọ òkun? Apẹja wa kì í fi gígùn ọkọ̀ nìkan dáhùn ìyẹn. Á wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, á wo ẹ́ńjìnì, á sì wo ọwọ́ ẹni tó ń darí, bó ṣe ń kọjú sí ìgbì, àbí ó ń jẹ́ kí ìgbì gbá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú họ́kì, ó jẹ́ pé: níbo ló ti ń gbá gòólù? Ṣé iwájú ilé gan-an, níbi tí àwọn géńdé ti ń gbá ara wọn, àbí ẹ̀bá pápá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kàn án? Bí wọ́n bá tì í, ṣé bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé ó ti kúrò níbi tí èjìká ń bọ̀ kí èjìká tó dé? Ìjábọ̀ tó bá dáhùn ìwọ̀nyí wúlò, kódà bó bá parí sí pé ẹ má mú un. "Ó kéré" kò dáhùn ìkankan. Ọlẹ gbólóhùn ni.

Ẹ wo Alex DeBrincat. Ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 7. Ní Erie Otters, líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Ontario, ó gbá gòólù 51 ní sáà 2014 sí 2015. Àwọn ènìyàn ní àbùjá ni, pé Connor McDavid ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, torí McDavid kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. McDavid bọ́ sí NHL lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gòólù mélòó ni DeBrincat gbá láìsí i? 51. Nọ́ńbà kan náà gan-an. Lóòótọ́ Dylan Strome ṣì wà nítòsí rẹ̀, òun náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ irú ìdánwò báyìí, tí a yọ ohun kan kúrò tí a sì wo bóyá èsì á yí, wọ́n ń fowó wá a nínú iṣẹ́ wa. Ó wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní draft 2016, ipò 39 ni wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Ó padà sí Erie, ó gbá 65. Ó wọ NHL, nígbà tó di sáà kejì rẹ̀ fún Chicago, ó gbá 41.

Àwọn kan á ní kí ni ìṣòro, ṣebí kọ̀ǹpútà ti dé, ẹ jẹ́ kí AI máa yàn wọ́n. Ẹ dákẹ́ ná. Bí mo bá kó ìtàn draft ọgbọ̀n ọdún fún kọ̀ǹpútà kí ó fi kọ́ ẹni tó máa ń yege, kí ni yóò rí? Á rí i pé àwọn tó ga ló gbá ìdíje púpọ̀. Kò ní mọ̀ pé àwọn ni wọ́n fún láàyè púpọ̀. Yóò kọ́ àṣà àwọn scout, yóò sì pe àṣà náà ní ìmọ̀, yóò wá fi nọ́ńbà tó ní ojúàmì mẹ́ta kún un kí ẹ lè gbà á gbọ́. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi ẹni ipò kan náà wé ara wọn: kó àwọn kúkúrú àti àwọn gíga tí wọ́n pè níbi kan náà, wo ohun tí wọ́n wá dà. Bí àwọn kúkúrú bá ń ṣe jù wọ́n lọ, a jẹ́ pé wọ́n ti tà wọ́n ní ọ̀pọ̀.

Ẹnì kan ti ṣe irú ìwádìí yẹn rí, lórí oṣù ìbí dípò gíga. Ní 2013, Robert Deaner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ Kánádà tí wọ́n ti pè nínú draft. Ní họ́kì àwọn ọmọdé níbẹ̀, oṣù kìíní ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí lóṣù kìíní àti èyí tí wọ́n bí lóṣù kejìlá á wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan fi oṣù mọ́kànlá ju èkejì lọ. Lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, oṣù mọ́kànlá kì í ṣe kékeré. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní ìparí ọdún, bí wọ́n bá pè wọ́n ní ipò kan, wọ́n sábà máa ń ṣe dáadáa ju ipò náà lọ. Àwọn scout ń wo ara tó tètè dàgbà, wọ́n ń pè é ní ẹ̀bùn. Ọmọ Jarome náà, Tij Iginla, tí Utah pe orúkọ rẹ̀ ní ipò 6 ní 2024, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ni wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni gbèdéke draft; ó wà lára àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú ìsọ̀rí rẹ̀. Kò kéré lára ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ 6 ni. Gòólù 47 ló gbá fún Kelowna lọ́dún yẹn. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Utah pè látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Igi ńlá ṣì ń so.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Kò sí Central Scouting nílé wa. Ohun tó wà ni trials. Ọmọ àǹtí mi kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìgbókọ̀dá lọ́dún kan fún trials ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọ ọdún 15 ni. Bó bá gba bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, o ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó dá a padà. Àwọn ọmọ tó wá lé ní ọgọ́rin. Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí wọ́n tò ní ìlà bí wọ́n ṣe ga tó, wọ́n sì ní kí ìdajì tó wà lápá ẹ̀yìn máa lọ sílé. Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tiwa kò tiẹ̀ sọ pé "ó mọ̀ ọ́n gbá". Wọ́n ti gé ìdajì gbólóhùn yẹn kúrò. "Ó kéré" nìkan ló kù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà níbí ní 2009, ìgbà yẹn ni FIFA kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ MRI níbẹ̀ láti yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn eléré wò, torí pé egungun ibẹ̀ máa ń dì pa tí ènìyàn bá ti dàgbà kọjá ibì kan. Ẹ wá rò ó wò. Bí o bá to àwọn ọmọ "ọdún 15" sí ìlà, tí o sì mú àwọn tó ga jù, ta lo mú? O mú àwọn tó tètè dàgbà, o sì mú àwọn tó purọ́. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 15 lóòótọ́, tó sì sọ òótọ́, wà lẹ́yìn ìlà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pàdánù, ìkejì sì jẹ́ nítorí ìwà rere rẹ̀. Kóòṣì tó ń fi gíga yan ọmọ ń sanwó fún irọ́ ọjọ́ orí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ̀yìn náà la máa ń bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ògo kékeré wa kì í fi í gbó sójú wa.

Ademola Lookman, tó gbá gòólù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin ní 2024, mítà 1.74 péré ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ti dàgbà. Mo máa ń rò ó pé ibo ni ì bá wà lórí ìlà yẹn ní Ìgbókọ̀dá.

Egungun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbí láti mú ẹni tó ti dàgbà jù, ọmọ kan lo irú ẹ̀ lókè òkun láti sọ pé òun ṣì ń bọ̀. Lane Hutson, ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ló ń gbá, kì í ṣe iwájú. Kí draft 2022 tó dé, ó mú ìwé dókítà lọ síwájú àwọn ẹgbẹ́, pé egungun òun kò tíì parí dídàgbà. Ọmọ ọdún 18, ó ní láti gbé ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pé òun á ga sí i, kí wọ́n tó lè wo bó ṣe ń gbá. Montreal Canadiens pè é ní ipò 62.

Montreal yìí kan náà ni Cole Caufield wà. Ó gbá gòólù 72 nínú ìdíje 64 fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní sáà 2018 sí 2019, síbẹ̀ ipò 15 ni wọ́n pè é ní 2019, nítorí kò ju ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 7 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2021 sí 2022, ìdíje 30, gòólù kan ṣoṣo. "Ṣùgbọ́n" ti ń pé jọ. Lóṣù kejì 2022, wọ́n lé kóòṣì, wọ́n sì mú ẹlòmíì tí kò tíì ṣe kóòṣì ní NHL rí. Martin St. Louis ni. Ìdíje 37 tó kù tí Caufield gbá lọ́dún yẹn, gòólù 22. Ara ọmọ náà kò fi íǹṣì kan kún un láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Ẹni tó ń pín ìṣẹ́jú ló yí padà.

Hutson náà dé ọ̀dọ̀ kóòṣì yẹn. Nínú sáà 2024 sí 2025, tó jẹ́ sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní kíkún, ó ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sí gòólù 60, wọ́n sì fún un ní Calder, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tuntun. Mo padà lọ ka àwọn ìjábọ̀ 2022 nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn ló yin ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀, ìpínrọ̀ kan gbáko. Mo ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà lórí fóònù, mò ń wá ibi tí "ṣùgbọ́n" wà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i.